Ewé Tó Wà Lára Ìgò

Èpò tí a fi ọkọ́ ro kì í kú bí èpò tí a fi oògùn pa. Èyí tí a fi ọkọ́ ro máa ń dùbúlẹ̀ ni, gbòǹgbò rẹ̀ á yọ síta tòun ti erùpẹ̀, oòrùn á sì sá a títí yóò fi gbẹ. Èyí tí oògùn pa, ìdúró ló ń kú sí. Á pọ́n rúsúrúsú láti orí dé ìdí, gbòǹgbò rẹ̀ á ṣì di ilẹ̀ mú, bí ẹni tí ikú bá lórí àga tí kò sì ráyè dìde.

Ìyá Alátalẹ̀ ti rí ìyàtọ̀ yìí kó tó ti géètì oko tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kan oko láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Ó ti múra de èpò. Lójú ọ̀nà ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé èpò á ti bo gbogbo rẹ̀, pé òun ò ní sunkún bí òun bá rí i, pé òun á kàn ká apá aṣọ òun sókè ni. Ohun tí kò múra dè ni ilẹ̀ tó mọ́. Abala ìsàlẹ̀ oko, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ gbin atalẹ̀ sí lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sóko kẹ́yìn, mọ́ láti ààlà dé ààlà. Gbogbo èpò ibẹ̀ dúró sórí ìdí wọn, wọ́n sì ti kú.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀kan tu, ó gbé e sí imú. Kò gbọ́ òórùn koríko. Ó wo ilẹ̀ yíká bóyá yóò rí ojú ọkọ́ kankan. Kò rí. Atalẹ̀ kò tíì yọrí. Ó ṣì ń sùn nísàlẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ṣe lé e lórí.

Kò sẹ́ni tó mọ ọkọ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé oògùn kì í wọ oko rẹ̀. Bàbá Ààtàn ni wọ́n ń pè é, nítorí ohunkóhun tó bá ti ń jẹrà, tirẹ̀ ni. Èèpo iṣu, ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ adìyẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, gbogbo rẹ̀ ló ń kó jọ, tó ń yí, tó ń wọ́n omi sí, títí tí yóò fi di ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò a máa sọ pé bí èèyàn bá pẹ́ jù lórí ìjókòó, Bàbá Ààtàn á gbé e lọ dà sóko. Òun náà á rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ẹnu tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn náà lẹ máa fi jẹ ẹ́."

Àmì ewé tó wà lára páálí atalẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ilẹ̀ tó bá ti mu oògùn rí gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta láì fẹnu kàn án mọ́, kí àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí tó gbà kí àmì náà wà lára ohun tó hù níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni tọkọtaya yìí fi ṣiṣẹ́ bí àwọn tó ní àmì, tí wọ́n sì ń tajà bí àwọn tí kò ní. Kòkòrò jẹ, wọn ò fín. Èpò hù, wọ́n fi ọwọ́ tu ú. Lọ́dún kejì, ẹ̀yìn ọkọ ò gba ìnàró mọ́ láàárọ̀, ìyàwó ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ rọ̀ ọ́ fún un kó tó lè wọ bàtà. Ọ̀kan nínú ohun tí èèyàn kì í sọ síta nìyẹn.

Kò gba ọ̀nà ilé. Ìsọ̀ Bàbá Kékeré ló forí lé tààrà.

Bàbá Kékeré ni àbúrò kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ ní. Wẹ́dà ni, géètì àti fèrèsé ló ń jó. Òun ni kọ́kọ́rọ́ oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí tọkọtaya náà wà nílé ìwòsàn àti lẹ́yìn ìsìnkú. Bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó pa iná, ó ti ìbòjú dúdú tó fi ń jó irin sókè orí, ojú rẹ̀ sì ń dán.

"Ìyàwó wa! Ẹ káàbọ̀. Ẹ ti dé oko?"

"Mo ti dé oko. Ta ló ṣe é?"

"Ta ni ì bá tún ṣe é?" Ó fọwọ́ lu àyà. "Èmi yìí náà ni. Mo wo gbogbo ohun tí ojú yín ti rí, mo ní ẹ ò gbọ́dọ̀ ti ibi òkú dé kí ẹ tún lọ bá èpò jà. Mo yá páǹpù, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo fín abala ìsàlẹ̀ láti ààlà dé ààlà. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já! Ẹ má dúpẹ́ o, ojúṣe mi ni."

"Mi ò wá dúpẹ́."

"Mo ní ẹ má dúpẹ́ náà ni."

"Bàbá Kékeré, oògùn lẹ lọ fín sóko ẹ̀gbọ́n yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ẹni tó ti mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. "Ẹ rò pé mi ò mọ̀, àbí? Ẹ rò pé mo kàn lọ ra oògùnkóògùn. Ẹ dúró." Ó wọ inú lọ, ó ń ti irin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé ìgò ńlá kan tó ti ṣófo jáde. Ó fi àkísà nu ara rẹ̀ kó tó nà án sí i. "Ẹ wò ó. Ẹni tó ń tà á fẹ́ fún mi ní olówó pọ́ọ́kú, mo ní ó ti o. Mo ní oko ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó bá ní ewé lára nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi rí i. Ewé rèé! Ewé tó wà lára páálí yín gan-an."

Ìyá Alátalẹ̀ wo ìgò náà. Lóòótọ́, ewé ni wọ́n yà sí i, ewé tútù yọ̀yọ̀, tí ìrì kan rọ̀ sí létí. Ohun tí wọ́n sè láti fi pa ewé, ewé ni wọ́n yà sí i lára. Ẹnì kan jókòó níbì kan, ó fara balẹ̀ ya ìrì yẹn. Ìbínú rẹ̀ pín sí méjì lójú ẹsẹ̀, apá kan fún Bàbá Kékeré, apá kan fún ẹni tó ya ewé, kò sì dín kù lápá ibì kankan.

"Ta ni ò lè ya ewé?" ó ní.

"Ìyàwó wa, ewé ni ewé ń jẹ́."

"Ewé tiwa, èèyàn ń wá wò ó lọ́dọọdún. Ó ń gbẹ́ ilẹ̀ wò, ó ń yẹ inú yàrá tí a ń kó irinṣẹ́ sí wò, ó ń bi wá léèrè bí ẹni ń bi olè. Ta ló ń wá wo tara ìgò yìí?"

Bàbá Kékeré yí ìgò náà po, ó ń wò ó. "Àwọn tó ṣe é náà ni, àbí?"

"Àwọn tó ṣe é náà ni."

"Ó dáa, kí ni mo wá ṣe tó burú tó báyìí? Oore ni mo ṣe!"

"Ẹ ò bi mí."

"Ẹni tó ń sin ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, òun ni kí n wá bá níbi òkú, kí n máa bi í ní ọ̀rọ̀ èpò?"

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún jù. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn irin, ó jáde.

Àwọn àgbẹ̀ mélòó kan, tí tọkọtaya náà wà lára wọn, ló para pọ̀ di ẹgbẹ́, tí wọ́n ń kó atalẹ̀ wọn pọ̀ fún oníbàárà kan tó wà ní ọ̀nà jíjìn, tí kò jẹ́ gba èyí tí kò bá ní àmì. Ìyá Alága ni olórí wọn, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi tó ń lọ ṣáájú ara rẹ̀. Ó ń fọ kéréètì lẹ́yìnkùlé nígbà tí Ìyá Alátalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó da omi nù.

"Ta ló rí i?"

"Èmi."

"Yàtọ̀ sí ẹ̀yin."

"Bàbá Kékeré."

"Ìyẹn ò lè sọ, òun ló ṣe é. Ó wá ku ta ni?" Ó ti ń fọ kéréètì mìíràn. "Èpò yẹn á ti jẹrà kí olùbẹ̀wò tó dé. Atalẹ̀ á ti hù, ẹ̀yin náà á ti máa fọwọ́ tu èpò tuntun. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn."

"Kò tán. Mo fẹ́ sọ fún un."

Kéréètì dúró lọ́wọ́ Ìyá Alága. "Ẹ fẹ́ ṣe kí ni? Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ò dá lẹ fẹ́ fẹnu ara yín jẹ́jọ́ rẹ̀? Abala yín ló tóbi jù nínú atalẹ̀ ẹgbẹ́. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ọjà tí a ṣèlérí ò ní pé mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ máa fi gbéra?"

"Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹni tó ń jẹ ẹ́! Oògùn tó ti wọlẹ̀ kí atalẹ̀ tó yọrí? Gbogbo ayé ló ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń jó lóde ìyàwó."

"Ìyá Alága, ẹni tó ń ra tiwa ò mọ̀ wá rí. Kò lè dé oko wa láéláé. Ìwé-ẹ̀rí yẹn ò sọ fún un pé atalẹ̀ wa dùn, kò sọ pé èèyàn dáadáa ni wá. Ohun tó ń sọ fún un ni pé gbogbo ohun tó kan atalẹ̀ yìí látìgbà tó ti wọlẹ̀, a mọ̀ ọ́n, a ò sì fi ìkankan pa mọ́. Tí a bá fi pa mọ́, kí ló wá kù nínú ìwé?"

"Ọ̀rọ̀ Bàbá Ààtàn lẹ ń sọ yẹn."

"Òun náà ni."

"Bàbá Ààtàn ti lọ," ni Ìyá Alága wí, kò sì pariwo rárá lọ́tẹ̀ yìí. "Àwa tó kù la máa jẹun."

Ìyá Alátalẹ̀ ò dágbére. Bó ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ti fi ikú ọkọ rẹ̀ ṣe ìdí tó fi fín oògùn. Ẹnì kejì ti ń fi ikú yẹn kan náà ṣe ìdí tí kò fi gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Òkú kan ṣoṣo, gbogbo wọn ń rí i lò.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ó rò ó títí, ó sì fẹ́ dákẹ́. Ebi ò gbọ́ ìwàásù. Orùlé ilé wọn ń jò láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé, ọjà atalẹ̀ yìí ni wọ́n fọkàn sí. Ó bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn kan tí àwọn olóòótọ́ máa ń bá ara wọn ṣe bí ẹ̀rù bá bà wọ́n: òun ò ní parọ́, àmọ́ bí wọn ò bá bi òun, òun ò ní sọ. Ó ń lọ sóko lójoojúmọ́, ó ń kúnlẹ̀ sí aporo, ó ń fọwọ́ tu èpò tuntun. Atalẹ̀ náà ò tilẹ̀ bá a kẹ́dùn. Ó hù, ó ga, ó rẹwà ju ti ọdún èyíkéyìí lọ, bí ọmọ tí ò mọ̀ pé wọ́n jí aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún òun ni. Nígbà mìíràn, inú á bí i sí i débi pé á dìde fi í sílẹ̀.

Olùbẹ̀wò dé lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, bàtà òjò ló máa ń wọ̀, ó sì mọ Bàbá Ààtàn dáadáa. Ìyá Alága ló mú un wá. Àtàárọ̀ ló ti ń mú un ká oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Ó dùn mí pé mi ò lè wá."

"Ẹ ṣeun. Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ ṣe tiyín."

Wọ́n rìn ká abala òkè, wọ́n wo òkìtì ààtàn, wọ́n wo yàrá irinṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé abala ìsàlẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọkọ́ kékeré gbẹ́ ilẹ̀, ekòló méjì sì ń nà lórí erùpẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Láì gbójú sókè, ó béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè lọ́dọọdún, "Oògùn kankan ò kan ibí látìgbà tí mo ti wá kẹ́yìn?"

"Oògùn kẹ̀!" Ìyá Alága ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Nínú oko Bàbá Ààtàn? Ẹ fẹ́ kí bàbá jí dìde ni?"

Olùbẹ̀wò rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ mi ni kí n béèrè, Mà." Kò dúró gbọ́ ẹlòmíràn. Ó dìde, ó wo ojú atalẹ̀ náà lọ títí dé ààlà, ó mi orí.

Ìyá Alátalẹ̀ mí kanlẹ̀. Wọn ò bi òun. Wọ́n bi Ìyá Alága. Ọ̀rọ̀ ti kọjá.

"Àmọ́ mo fẹ́ sọ ohun kan," ni olùbẹ̀wò wí. "Atalẹ̀ tí èpò bá fún lọ́rùn ní kékeré kì í dọ́gba báyìí. Gbogbo oko tí mo ti dé, èpò ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló jẹ wọ́n níyà. Ẹ̀yin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ tún fọwọ́ ro gbogbo ibí yìí lásìkò yẹn? Mo ní láti fi yín ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù. Bàbá á máa wò yín, inú wọn á dùn."

Bóyá tó bá dákẹ́ lórí àpẹẹrẹ ni, ọ̀rọ̀ ì bá kọjá. Àmọ́ ó ní inú bàbá á dùn. Ìyá Alátalẹ̀ rí ẹ̀yìn tí kò gba ìnàró, ó rí ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ lórí ẹ̀yìn náà, ohun kan sì ru sókè nínú rẹ̀ tí àdéhùn rẹ̀ ò lè dá dúró.

"Wọn ò ro ó," ó ní.

"Ẹ ní?"

"Mo ní wọn ò ro ó. Wọ́n fín in ni."

Ìyá Alága fọwọ́ kan èjìká olùbẹ̀wò. "Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀fọ̀ ni. Orí wọn ò tíì balẹ̀ látìgbà yẹn."

"Orí mi balẹ̀!" Kò mọ̀ pé òun lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. "Orí mi balẹ̀ ju tiyín lọ. Ẹ má tún fi ikú ọkọ mi bo ohunkóhun mọ́. Kì í ṣe aṣọ!"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo èkíní, ó wo èkejì. Àánú ló mú un sọ ohun tó sọ tẹ̀ lé e, ẹ má bínú sí i. "Ìyá," ó rọra ní, "afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Bóyá mi ò gbọ́ dáadáa."

Ó ṣílẹ̀kùn fún un láti padà sẹ́yìn, gbogbo wọn sì mọ̀.

"Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Oògùn apakoríko ni wọ́n fín sí abala yìí, láti ààlà tọ̀hún dé ààlà yìí, kí atalẹ̀ tó yọrí. Àbúrò ọkọ mi ló fín in. Mo mọ̀, mo fẹ́ dákẹ́. Ìyá Alága mọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ báyìí?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ má sì bá mi sọ̀rọ̀ bí aláìsàn."

Ó kọ ọ́. Ó bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, ó já ewé díẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé fún un pé abala òkè lè máa lo àmì rẹ̀ lọ, bí wọ́n bá fi èèkàn àti okùn yà á sọ́tọ̀, tí wọn ò sì kó ọjà wọn pọ̀. Abala ìsàlẹ̀ ti jáde. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀: ọdún mẹ́ta mìíràn.

"Kò dára tó, Mà, mo mọ̀. Àmọ́ bí òfin ṣe wí nìyẹn."

"Mi ò bá òfin jà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ìgò oògùn tí wọ́n ya ewé sí lára, tó fi tan ẹni tí kò mọ̀, ta ló ń bẹ ìyẹn wò?"

"Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tèmi, Ìyá."

"Ó dáa. Iṣẹ́ ta ni?"

Ó yà á lẹ́nu. Ó ronú, ó sì la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ pé òun ò mọ̀. Ìyá Alága ti wà lójú ọ̀nà nígbà náà, kò wẹ̀yìn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan èèkàn ìkẹyìn ni Bàbá Kékeré dé, ìbòjú dúdú rẹ̀ ṣì wà lórí. Olùbẹ̀wò rí ojú rẹ̀, ó yára kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí wọn, ó lọ.

"Ìyàwó wa, ohun tí ẹ ṣe fún mi rèé? Ìyá Alága wá dúró sẹ́nu ìsọ̀ mi, ó ń pè mí ní Bàbá Elewé lójú àwọn oníbàárà! Bàbá Elewé! Wọ́n ti ń dáhùn sí i!"

"Ó tọ́ sí yín."

"Ẹ sọ fún àlejò pé àbúrò ọkọ yín ló da májèlé sóko!"

"Ṣé ẹlòmíràn ló dà á?"

Ó wo okùn tí wọ́n ta yí abala náà ká. Ó jọ pé okùn yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kó yé e bí ibi tí òun fín ṣe tóbi tó. Ó bọ́ ìbòjú kúrò lórí. "Ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti nà mí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

"Wọn ò ní nà yín. Ẹ̀rín ni wọ́n máa rín, wọ́n á lọ sí ẹ̀yìn òkìtì ààtàn, wọ́n á sunkún. Èmi ò ní rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní sunkún. Inú ń bí mi, Bàbá Kékeré. Inú ń bí mi sí yín."

"Mo gbọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ sọ ọ́. Ohunkóhun."

"Ẹ wá fọwọ́ ro ó."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà lẹ́nu géètì kí obìnrin náà tó dé, ó wọ bàtà iṣẹ́ wẹ́dà tó wúwo bí òkúta, ó gbé ọkọ́ tuntun léjìká bí ẹni ń lọ sógun. Ìyá Alátalẹ̀ dáhùn ìkíni rẹ̀. Ó tọ́ka sí aporo tó wà létí ààlà, òun náà bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà náà ń fi agbára gé, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó gé atalẹ̀ kan mọ́ èpò, obìnrin náà sì gba atalẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin náà fi nà ró, tó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú.

"Ìyàwó wa, títí di ìgbà wo ni màá máa wá?"

"Ọdún mẹ́ta."

Bàbá Kékeré bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tó fi di ọkọ́ mú kó má baà ṣubú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kí àwọn jọ rín in. Nígbà náà ló rí i pé ọkọ́ ọwọ́ obìnrin náà ò dúró.